Gìtá kan, yàrá kan àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: èsì fún olùkọ́ tí ó fẹ́ gba orin rẹ̀ sílẹ̀ nílé

Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń ta gìtá, kì í ṣe láti fi jẹun, bí kò ṣe fún ìgbádùn ara òun àti ti àwọn ará ilé. Gìtá onígi ni, èyí tí wọ́n de pickup mọ́ nínú, ẹ̀rọ kékeré tí ó ń sọ gbígbọ̀n gìtá di iná tí ó lè gba inú wáyà kọjá; àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni ó fi ń ta á, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà onígìtá ìdí ẹmu ti ń ṣe, a sì máa kọrin sí i. Ó ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, ó ní fóònù, ó sì ní yàrá kan tí ó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó wá béèrè pé ṣé máìkì tí a máa ń fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà ni kí òun rà, àbí àpótí tí wọ́n ń pè ní audio interface, èyí tí ó ń gbé ìró máìkì àti ti gìtá wọ inú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú máìkì tirẹ̀? Ṣé ó pọn dandan kí òun ra sípíkà sítúdíò? Báwo sì ni ènìyàn ṣe lè gbohùn sílẹ̀ ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ kì í ti í sinmi?

Mo kí yín, olùkọ́. Èsì kúkúrú ni pé kí ẹ ra interface kékeré kan tí ó ní ojú ìkìwáyà méjì, máìkì kan, ìdúró tí a ó gbé máìkì náà lé, àti hẹ́dífóònù tí ó bo gbogbo etí, kí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ sípíkà fún ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ fi sí ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ irú ẹ̀rọ tí ó yẹ yín.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí “I better pass my neighbour” máa ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí iná tí ó ń mú jáde lè bá iná NEPA dọ́gba. Bí a bá pín in, ìgbà 50 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì irú èyí máa ń bú lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí po, ìró tí ó ń tú jáde bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó sì tún ń bí àwọn ọmọ sí 100, 150, 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá yín ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń gbọ̀n ní 110, ẹ̀kẹta sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí 147. Ẹ ó rí i pé inú ilé kan náà ni ariwo yẹn àti orin yín jọ ń gbé. Bọ́tìnnì tí ó ń gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò lè lé bàbá jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣì jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kí kọ̀ǹpútà fọ ohun gbogbo mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbohùn tán, yóò bó gìtá yín ní awọ pẹ̀lú. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí wọ́n fọ̀ báyìí, okùn gìtá inú wọn a máa dún bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ta á.

Nítorí náà, ibi tí ariwo ti ń wọlé ni a ó ti dènà rẹ̀, ohun mẹ́ta ni a sì ní lọ́wọ́ láti fi ṣe é. Èkíní ni àkókò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, láàárín aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìdájí, kí ìpè àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ àti kí mọ́tò tó pọ̀ lójú títì, ilẹ̀ a máa dákẹ́ dé ibi tí ènìyàn fi lè gbọ́ ìró èémí ara rẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ firíìjì, kí ẹ sì ṣọ́ ojú ọ̀run, nítorí pé kò sí máìkì tí ó lè bá òjò orí páànù jà. Èkejì ni sísún mọ́ máìkì. Bí máìkì bá wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà sí gìtá tí ẹ sì sún un wá sí 20, ìró gìtá tí ó ń wọ inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lágbára sí i, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ògiri kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sún. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi ju èyí tí ó wà láàárín máìkì olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gọbọi lọ.

Ohun kẹta ni bátìrì láptọ́ọ̀pù yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní wáyà earth tí ó wọ ilẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ ṣájà láptọ́ọ̀pù a sì máa jẹ́ kí iná díẹ̀ yọ́ gba inú wáyà kọjá sínú gìtá. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni ìkùn kan, hùn-ùn, tí kì í dáwọ́ dúró, tí ó sì máa ń yí padà bí ọwọ́ yín bá kan okùn. Ẹ yọ ṣájà náà, ẹ ó sì rí i pé ó máa ń pòórá lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí ń gbohùn sílẹ̀ nílé ní ìlú wa pé kí wọ́n má ṣe ra interface tí ó ní ṣájà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ó ń jẹ iná láti inú wáyà USB nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ tí kò sì sí ẹni tí ó tíì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ yẹ bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ohun mìíràn. Bí kò bá lè dúró fún wákàtí kan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ máìkì USB àti interface. Máìkì USB kò burú, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ máa sọ sínú rẹ̀ èmi ì bá ní kí ẹ rà á kí ẹ lọ sinmi. Ṣùgbọ́n kò ní ojú tí ẹ lè ki wáyà gìtá bọ̀, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó bàjẹ́ pọ̀. Interface a máa jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ máìkì láìpààrọ̀ àpótí. Irú èyí tí mo ní lọ́kàn ni Focusrite Scarlett Solo, tí ó ní ojú kan fún máìkì àti ojú kan fún gìtá, tàbí Behringer UMC202HD, tí ojú méjèèjì rẹ̀ lè gba máìkì tàbí gìtá. Ohun méjì ni kí ẹ wò lára èyíkéyìí tí ẹ bá rí lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni àmì 48V, èyí tí ó fi hàn pé àpótí náà lè fún máìkì condenser ní iná tí ó ń lò. Èkejì ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Inst tàbí Hi-Z sí. Ìró tí pickup gìtá ń mú jáde kò lágbára, bí ẹ bá ki wáyà rẹ̀ bọ ojú tí kò yẹ, bí irú ihò máìkì ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, ńṣe ni yóò pàdánù ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò sì dún tín-ín-rín. Bọ́tìnnì yẹn ni ó ń tún ojú ìkìwáyà ṣe fún un.

Ẹ óò rí àpótí mìíràn lọ́jà, tí ó ní bọ́tìnnì àtẹ́wọ́, bọ́tìnnì ẹ̀rín àti bọ́tìnnì tí ó ń sọ ohùn àgbàlagbà di ti ọmọdé, tí wọ́n sì máa ń tà pọ̀ mọ́ máìkì àti apá irin gígùn kan. Ó wúlò fún ẹni tí ń ṣe eré fún àwọn ènìyàn lórí fóònù, kì í ṣe fún gìtá.

Irú máìkì wo wá ni? Oríṣi méjì ni ó wà níwájú yín. Dynamic jẹ́ akíkanjú, kò nílò iná, bí ó bá sì já bọ́ sílẹ̀, ẹ ó gbé e ni ẹ ó máa bá iṣẹ́ lọ; Shure SM57, tí ó ti wà lọ́jà láti 1965, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo onísítúdíò mọ̀. Condenser ní tirẹ̀ máa ń gbọ́ fínnífínní, ó máa ń mú ìró èékánná lára okùn, ó sì máa ń mú ìró ajá aládùúgbò pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé dynamic kì í gbọ́ ariwo. Ìdajì òtítọ́ ni. Kì í gbọ́ púpọ̀ ni, kì í ṣe pé ó mọ ariwo yàtọ̀ sí orin. Bí ẹ bá wá fi ìka méjì ta gìtá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀, ẹ óò ní láti yí bọ́tìnnì gain, èyí tí ó ń fi agbára kún ìró tí ó ń wọlé, sókè gan-an kí ó tó gbọ́ yín, ariwo ẹ̀yìn ilé yóò bá a gòkè, àpótí olówó pọ́ọ́kú náà yóò sì fi ìró ṣìì-ṣìì tirẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ orin tí a ń kígbe kọ tàbí gìtá oníná tí ń pariwo láti inú sípíkà ni, dynamic ni màá sọ. Fún irú gìtá tiyín, pẹ̀lú ìdájí tí mo ní kí ẹ máa lò yẹn, condenser kan bí Audio-Technica AT2020 ni màá rà tí ó bá jẹ́ èmi, yóò sì tó fún gìtá àti fún ohùn yín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ àti ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ lè jí ní ìdájí, tí ó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni àyè yọ, ẹ yí ìpinnu yìí padà: ẹ ra dynamic, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì gbára lé pickup fún gìtá.

Pickup náà kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí pé gbígbọ̀n igi àti okùn ni ó ń gbà, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èyí ni àǹfààní ńlá tí ó ní. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ a máa le, a máa dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta rọ́bà. Nítorí náà, ẹ ki wáyà gìtá bọ ojú kan, ẹ so máìkì mọ́ ojú kejì, kí ẹ sì gba méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ìlà (track) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ bá ń pò wọ́n, ẹ fi pickup ṣe egungun, ẹ fi máìkì ṣe ẹran ara. Ìró máìkì máa ń dé lẹ́yìn ti pickup díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó gbà kọjá. Bí àpapọ̀ wọn bá dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi eku kọ̀ǹpútà fa ìlà máìkì sí ọwọ́ òsì díẹ̀, kí ó lè tètè bẹ̀rẹ̀, títí ìbẹ̀rẹ̀ okùn kan náà yóò fi wà lójú kan náà nínú méjèèjì.

Ibi tí ẹ bá gbé máìkì sí ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lọ. Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á dojú rẹ̀ kọ ihò gìtá, nítorí pé ibẹ̀ ni ó dà bí ẹni pé ìró ti ń jáde. Ihò yẹn ń sọ ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró bàǹbà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ dojú máìkì kọ fret kejìlá, ìyẹn irin kejìlá tí wọ́n tò sí ọrùn gìtá, ní nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ yí imú rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ara gìtá, kí ẹ wá wọ hẹ́dífóònù kí ẹ máa ta okùn bí ẹ ti ń sún díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ óò rí ojú kan tí gìtá yín ti jọ ara rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin kúkú ni olùkọ́. Kí ẹ sì tó ṣe gbogbo èyí, ẹ pààrọ̀ okùn. Okùn tí ó ti dípẹtà kò ní ẹ̀rọ tí ó lè jí i dìde.

Ní ti yàrá, gbọ̀ngàn tí a fi tẹráásò ṣe ilẹ̀ rẹ̀, tí ògiri rẹ̀ sì wà láìsí nǹkan kan, ni ó burú jù lọ, nítorí gbohùngbohùn. Yàrá ìsùn ni kí ẹ lò. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tí a gbé kọ́, kọ́tìnnì tí ó nípọn àti rọ́ọ̀gì ilẹ̀ ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá tún ta búláńkẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́yìn ibi tí ẹ jókòó, ó tó. Ẹ má ṣe lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Kì í dá ariwo ìta dúró, ìwọ̀nba ni ó sì ń ṣe sí ti inú. Aáyán ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Hẹ́dífóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, kí ìró inú rẹ̀ má baà jò sínú máìkì. Audio-Technica ATH-M20x tó. Bí owó bá wà, Sony MDR-7506, tí ó ti wà láti 1991, sàn jù. Sípíkà sítúdíò nílò yàrá tí a ti tún ṣe, ó nílò iná tí kì í ṣe ségesège, ẹ̀yin kò sì tíì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ẹ bá po orin kan tán nínú hẹ́dífóònù, ẹ gbọ́ ọ nínú mọ́tò ẹnìkan, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ẹ kọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó sórí ìwé, kí ẹ padà lọ tún un ṣe.

RAM 4 GB yẹn ń kọ yín lóminú, ó hàn nínú ìwé yín. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tascam gbé ẹ̀rọ Portastudio jáde ní 1979, ìlà mẹ́rin péré ni ó lè gbà sí orí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì fi ṣe iṣẹ́ tí ó gbayì. Láptọ́ọ̀pù yín yóò gbé ìlà mẹ́jọ láìmí gúlegúle. Ẹ lo sọ́fítíwìa ìgbohùnsílẹ̀ bí Audacity, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí Reaper, tí wọ́n fún yín ní ọjọ́ 60 láti dán wò kí ẹ tó san owó. Èmi fara mọ́ Reaper nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti to ìlà lórí ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí 44.1 kHz, ìyẹn iye ìgbà tí ó ń wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti 24 bit, ìyẹn bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ lo 192 kHz kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ìlà kan ní 44.1 jẹ́ nǹkan bí MB 8, tí ti 192 sì ń sún mọ́ 35, bẹ́ẹ̀ etí yín kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ yí bọ́tìnnì gain títí ibi tí ẹ bá ti ta okùn kíkankíkan jù lọ yóò fi dé nǹkan bí −10 lójú ìwọ̀n. Ìró tí ó kéré ṣeé gbé sókè. Èyí tí ó bá ti ya ti ya nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba gìtá sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ máa kùn orin náà lọ́kàn, kí ẹ wá padà wá kọ ohùn lé e lórí. Ara yín lè má kọ́kọ́ gbà á, nítorí pé ìdí ẹmu kì í ya olórin àti gìtá rẹ̀ nípá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é tán, ilẹ̀kùn ńlá kan ṣí. Ẹ gbọ́ bí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń dá ara wọn lóhùn nínú orin jùjú Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé: ọ̀kan ń pe, ọ̀kan ń gbè, ọ̀kan kò kúrò lójú kan. Ẹ̀yin nìkan lè ta gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, sórí ara wọn. Dípò ìró tíkí-tíkí inú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ gba agogo sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí gbogbo ìyókù tẹ̀ lé e.

Níbi tí ẹ ti ń ta ìkejì lé ìkíní ni ẹ óò ti pàdé ìṣòro kan: ìró gìtá yín yóò máa dé etí yín pẹ́, nítorí pé ó ń gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Bí buffer, ìyẹn àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó ìró jọ sí kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bá wà ní 1024, àpò yẹn nìkan ti fa ìró sẹ́yìn bí ẹni pé gìtá yín wà ní mítà mẹ́jọ sí yín, ní ìkángun gbọ̀ngàn kejì. Ẹ má ṣe bá kọ̀ǹpútà jà lórí rẹ̀. Interface méjèèjì tí mo dárúkọ ní bọ́tìnnì direct monitor, tí ó ń gbé ìró gìtá lọ sí hẹ́dífóònù láì jẹ́ kí ó wọ kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sì pa ti inú sọ́fítíwìa.

Ní ti ọjà, ẹ lè ra interface àti hẹ́dífóònù ní tòkunbọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní Alábà, bí ẹnìkan bá wà tí yóò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ti máìkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo ti ra ayédèrú rí: orúkọ ara rẹ̀ pé, páálí rẹ̀ ń dán, ó fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán, ìgbà tí mo délé ni mo mọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tí ẹ ti fi Reaper sí dání, pẹ̀lú gìtá yín nínú àpò rẹ̀, wáyà gìtá kan àti wáyà XLR kan, èyí tí a fi ń so máìkì mọ́ àpótí. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ níwájú ẹni tí ń tà, ẹ tan 48V, ẹ yí gain dé ìdajì láìta okùn kankan, kí ẹ fetí sí ohun tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí kò yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ mi wáyà lẹ́nu ibi tí ó ti wọ àpótí. Bí ó bá ń já, ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.